Káàdì tí mo ya: bí mo ṣe pààrọ̀ àpò ọmú tó wà láyà mi fún ọdún mẹ́tàdínlógún

Bí àwọn ọmọ kéékèèké bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi nǹkan sétí kí ẹ tó máa gbọ́ ti òní, nítorí ọ̀rọ̀ ọmú ni, ọmú tèmi gan-an sì ni.

Lóṣù tó kọjá arábìnrin kan kọ̀wé sí mi. Ó ní òun lọ ṣe ọmú ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀kan ti ń le báyìí, òun ò sì mọ ẹni tí òun lè bi. Mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara àwọn obìnrin ẹlòmíràn lórí ètò yìí, mi ò sọ ti ara mi rí. Mo dá a lóhùn lóru ọjọ́ náà. Ohun tí mo kọ sí i ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, pẹ̀lú àwọn ibi tí mo fò nínú ìwé náà nítorí ojú ń tì mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè lórúkọ. Òyìnbó ń pè é ní implant. Àpò ni. Awọ rẹ̀ jẹ́ sílíkónì, inú rẹ̀ lè jẹ́ omi iyọ̀, ó sì lè jẹ́ sílíkónì tó rọ̀ tó sì dì bí ẹ̀kọ tútù. Èmi á máa pè é ní àpò. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àpò sílíkónì sí obìnrin láyà, ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà méjì tí wọ́n ń jẹ́ Thomas Cronin àti Frank Gerow ló gbé e jáde. Lọ́dún 1992 ìjọba Amẹ́ríkà dá ti onísílíkónì dúró fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ẹwà lásán, ó di 2006 kí wọ́n tó tún gbà á. Níbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ò dúró. A ń ṣe é lọ.

Èmi ṣe tèmi ní 2005. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta, mo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́mú dáadáa, àbíkẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún méjì kí n tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó kù láyà mi dà bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sá sórí okùn. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò ṣe é nítorí rẹ̀. Nítorí ara mi ni mo ṣe ṣe é, mi ò sì ní torí ẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Owó àjọ ni mo fi ṣe é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́wàá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní gúúsù London là ń dá àjọ. Nígbà tó kàn mí láti kó o, gbogbo wọn rò pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà ní Mowé. Títí dòní àwọn kan nínú wọn ṣì ń bi mí pé báwo ni ilẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ilẹ̀ náà rèé.

Nílé ìwòsàn aládàáni tí mo lọ, wọ́n to àpò oríṣiríṣi sórí tábìlì, mo ń tẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ń ṣa tòmátò lọ́jà. Mo bèèrè bó ṣe máa tóbi tó. Mo bèèrè bóyá á dùn mí. Mi ò bèèrè bó ṣe máa pẹ́ tó. Ọmọbìnrin tó ń gba owó ló fúnra rẹ̀ sọ pé èyí á bá mi dalẹ́.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, wọ́n fún mi ní káàdì kan, kò tóbi ju káàdì báńkì lọ. Sítíkà méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún ọmú ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe àpò náà wà níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́, bó ṣe tóbi tó, àti nọ́ńbà rẹ̀. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ àwọn kọ́mú mi. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá bá wa gbé fún oṣù mẹ́ta. Ẹ mọ àwọn màmá wa, wọn kì í jókòó. Wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á ká a, wọ́n á tò ó sí dúrọ́ọ̀. Mo rò ó pé bí Màmá bá rí káàdì yìí ńkọ́? Wọ́n á ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kà á fún àwọn. Mo ya á sí wẹ́wẹ́, mo dà á mọ́ èèpo iṣu nínú ọ̀rá, mo gbé e jù síta. Màmá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, wọn ò ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdún márùn-ún kọjá, mi ò rántí pé káàdì kan wà rí. Lóṣù Kẹta 2010 ni àjọ tó ń bójú tó ohun èlò ìtọ́jú ní ilẹ̀ Faransé fòfin de àpò tí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PIP ń ṣe. Wọ́n rí i pé sílíkónì tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìjọba fọwọ́ sí fún ara èèyàn. Olówó pọ́ọ́kú ni, irú tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àpò náà sì ti wà láyà obìnrin tí iye wọn tó 300,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nǹkan bí 47,000. Ó máa ń tètè bẹ́ ju ti àwọn ilé iṣẹ́ yòókù lọ. Jean-Claude Mas tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ jẹ́jọ́ ní Marseille, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un lóṣù Kejìlá 2013.

Nígbà tí ariwo náà dé ibí, NHS sọ ohun kan tí ẹ máa rántí, torí ó ń bọ̀ wá kàn mí. Wọ́n ní ẹni tó ṣe tirẹ̀ nílé ìwòsàn aládàáni, bí ilé ìwòsàn náà bá kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀ tàbí tó ti kógbá sílé, àwọn á yọ ọ́ fún un. Ní England, àwọn ò ní fi òmíràn rọ́pò.

Mo pe ilé ìwòsàn tèmi. Ọmọbìnrin kan wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní tèmi kì í ṣe PIP, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀. Orúkọ náà wà níwájú rẹ̀, mi ò ní kó kà á sí mi létí, mi ò ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ohun tí kì í ṣe ni mo gbọ́, mi ò bèèrè ohun tó jẹ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà mo gba àdúgbò yẹn kọjá, ilé tí wọ́n ti ń ṣe irun ló wà níbẹ̀.

Lóṣù Keje 2019 ni ẹ̀rù tòótọ́ bà mí. FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ní kí ilé iṣẹ́ Allergan kó irú àpò kan tó ń jẹ́ Biocell kúrò lọ́jà, wọ́n sì kó o kúrò káàkiri àgbáyé. Awọ àpò yẹn kì í dán. Ó rí bí ara ṣàkì, wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó lè di ara mú, kó má máa yí kiri. Wọ́n wá rí i pé jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n ń bá a rìn, BIA-ALCL ni wọ́n ń kọ ọ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ọmú. Jẹjẹrẹ àwọn ọmọ ogun inú ara ni, àwọn tó ń bá àrùn jà, inú awọ àpá tó yí àpò ká ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì tó wọ́pọ̀ jù ni pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọmú kan á ṣàdédé wú nítorí omi tó kó jọ yí àpò náà ká. Bí wọ́n bá tètè rí i, tí wọ́n yọ àpò àti awọ tó yí i ká, ọ̀pọ̀ ló máa ń sàn. Wọn ò sọ pé kí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe lọ yọ tirẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú mọ irú èyí tó wà láyà òun, kó sì máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Kí n mọ irú èyí tó wà láyà mi. Mo ti da tèmi mọ́ èèpo iṣu.

Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kò sí ọjọ́ tí mo wẹ̀ tí mi ò tẹ ara mi wò. Ọkọ mi ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní màá lọ. Mi ò lọ. Bí mo bá lọ, màá ní láti sọ ọ́ tán pátápátá fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ mi á wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ ìjọ wa. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn.

Lọ́dún 2022 mo pé àádọ́ta ọdún. Níbí, bí obìnrin bá ti wọ ọjọ́ orí yẹn, NHS á máa kọ lẹ́tà sí i lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta pé kó wá ya fọ́tò ọmú. Wọ́n ní bí o bá ní implant, kó o pe àwọn kó o tó wá. Inú mọ́tò ni mo ti pè wọ́n, mo yí gíláàsì sókè, torí ọmọ mi obìnrin wà nílé.

Arábìnrin tó ya fọ́tò náà fi ọwọ́ ti àpò sẹ́yìn, ó fa ẹran ọmú síwájú, torí àpò máa ń bo apá kan mọ́ ẹ̀rọ lójú. Bó ṣe ń ṣe é lọ, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Auntie, ó ti tó ìgbà wo tí ti òsì ti le báyìí?"

Mo ní kò tíì pẹ́. Irọ́ ni. Ó ti lé ní ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé líle yẹn, torí òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ obìnrin padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ohun àjèjì tó bá wọ ara, ara á hun awọ yí i ká. Kò sí àpò ọmú kan tí ara kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn awọ náà á fẹ́lẹ́, á rọ̀, wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà. Lára àwọn mìíràn á máa nípọn, á máa súnkì, á wá máa fún àpò náà bí ìgbà téèyàn di ọwọ́ mọ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn dókítà pín in sí ìpele mẹ́rin tí wọ́n ń fi orúkọ dókítà kan pè, Baker. Ní ìpele kìíní ọmú rọ̀ bó ṣe yẹ. Ní ìkejì ó le díẹ̀ ṣùgbọ́n kò hàn. Ní ìkẹta ó le, ojú sì rí i pé ó ti yí padà. Ní ìkẹrin ó ń dunni. Tèmi lápá òsì ti kúrò ní ìkẹta, ó ń wọ ìkẹrin. Èmi rò pé gbígbé tí mò ń gbé àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ ló ń dùn mí ní ìhà.

GP mi ní kí n lọ ṣe skáànù, wọ́n tún ní kí n ṣe MRI. Dókítà yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní àpò òsì ti bẹ́. Sílíkónì rẹ̀ kò tíì jáde kúrò nínú awọ àpá, ṣùgbọ́n ó ti bẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́jọ. Àpò omi iyọ̀, bó bá jò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọmú á ti sọ̀, gbogbo ayé á rí i. Ti sílíkónì kì í pariwo. Mo rí i nínú àwòrán náà, awọ àpò ti ká wọnú sílíkónì, ó ń léfòó níbẹ̀ ní ìlà ìlà. Dókítà náà ní orúkọ oúnjẹ àwọn ará Ítálì kan, linguine, ni àwọn fi ń pe àmì yẹn. Mo ní lójú tèmi Indomie ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá sunkún.

Nítorí pé kì í pariwo yìí ni FDA ṣe gbà wá nímọ̀ràn pé kí ẹni tó ní àpò sílíkónì lọ ṣe skáànù tàbí MRI bó bá ti pé ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, kó sì máa tún un ṣe ní ọdún méjì sí mẹ́ta, kódà bí nǹkan kan ò dùn ún. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo lò, mi ò ṣe ọ̀kan. Àwọn kan á sọ fún yín pé bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ó ti bà jẹ́ nìyẹn, bíi búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti ẹlòmíràn lè pé ogún ọdún kó máà ní nǹkan kan ṣe. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é kó lè báni dalẹ́, bó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ló túbọ̀ ń ṣeé ṣe pé kó bẹ́ tàbí kó le.

Ibi tí ọ̀rọ̀ NHS yẹn ti kàn mí rèé. Wọ́n ní àwọn lè yọ ọ́, torí ó ti bẹ́. Àwọn ò ní fi òmíràn sí i, torí ẹwà ni mo fi ṣe é, kì í ṣe pé jẹjẹrẹ gba ọmú lọ́wọ́ mi. Mi ò bá wọn jà. Owó àjọ ni mo fi wọ̀ ọ́, kì í ṣe owó orí àwọn aráàlú. Ṣùgbọ́n ìlà àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ gùn nígbà yẹn, lẹ́yìn kòrónà, mo sì mọ ohun tó máa kù bí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọn ò fi nǹkan kan sí i: ìbọ̀sẹ̀ yẹn, tó ti wá fi ọdún mẹ́tàdínlógún gbó sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ sí Túrkì, pé ó dínwó, pé hòtẹ́ẹ̀lì wà nínú owó náà. Mo rò ó dáadáa. Bí ojú ọgbẹ́ bá là nígbà tí mo bá padà dé, ta ni màá gbé e lọ bá?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ tí mo wá lọ rí, obìnrin ni. Kò to àpò kankan sórí tábìlì. Ó wo àwòrán, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?"

Mi ò lè dáhùn. Lọ́dún 2005 mo mọ ohun tí mo fẹ́. Lẹ́ni àádọ́ta ọdún, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ lóòótọ́, tàbí pé ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á wá mọ̀ pé mo ti ṣe é rí. Gbogbo bùbá tí mo ní, ara yẹn ni wọ́n rán an sí. Ó ní kí n lọ ronú, kí n má padà wá kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo pe ọmọ mi obìnrin jókòó. Ẹni ọdún méjìlélógún ni nígbà náà. Mo fi odindi wákàtí kan yí ọ̀rọ̀ po kí n tó sọ ọ́. Ó ní, "Mummy, mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá." Mo ní kí ló dé tí kò bi mí. Ó ní, "Ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn." Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí mi ò rò rí. Ó ní bí nǹkan bá ṣe mí lójijì, tí àwọn dókítà bi òun pé kí ló wà lára ìyá rẹ, kí ni kí òun sọ?

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ní mo ṣì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní pẹ̀lú gbogbo ohun tó rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ohun tí mo ń bọ̀ wá gbé.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ kejì kì í ṣe ẹ̀dà ti àkọ́kọ́. Nígbà àkọ́kọ́ ara ṣì jẹ́ tuntun, wọ́n là á, wọ́n fi àpò sí i, wọ́n rán an. Nígbà kejì wọ́n ní láti kọ́kọ́ kó ti àná kúrò. Sílíkónì tó ti bẹ́ máa ń fà bí ọbẹ̀ ilá, wọ́n á fi sùúrù nù ún. Awọ tó ti le, wọ́n ní láti gé e kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun náà lá tún máa fún àpò tuntun. Ẹran tó bò ó ti fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ náà gba wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Méjèèjì ni wọ́n sì pààrọ̀, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Mo ti ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá fi ògbójú sọ fún un pé kó yọ awọ àti àpò jáde pọ̀ lódidi, láì là á. Ó ní òun á gbìyànjú ẹ̀ lápá òsì, kí sílíkónì má bàa dà sínú ẹran. Ṣùgbọ́n bí awọ náà bá fẹ́lẹ́ tó sì lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, òun ò ní fi agídí họ ọ́, torí ẹ̀dọ̀fóró wà lẹ́yìn ibẹ̀, kò jìnnà rárá. Ó ní níbi tí jẹjẹrẹ BIA-ALCL bá wà, ìyẹn ni yíyọ gbogbo rẹ̀ ti di dandan. Mo fẹ́ràn dókítà tó ń sọ ohun tí òun ò ní ṣe.

Àpò àtijọ́ wà lórí iṣan àyà. Ó ní òun á gbé tuntun sí abẹ́ iṣan, torí ẹran ọmú mi ò tó bo etí rẹ̀ mọ́. Èrè wà níbẹ̀, wàhálà sì wà níbẹ̀: bí mo bá fi agbára lo apá, ọmú á máa mira. Ó ń mira lóòótọ́. Ọmọ mi ní kí n lọ fi ṣe eré lórí TikTok.

Ó sì wo etí mi. Etí òsì mi ní kẹ́lọ́ìdì láti ìgbà tí wọ́n ti lù ú lẹ́ẹ̀kejì, àpá tó wú tó sì fẹ̀ kọjá ibi tí ọgbẹ́ wà. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Ó ní àárín àyà àti èjìká ni kẹ́lọ́ìdì fẹ́ràn, òun ò ní gba ibẹ̀. Ojú àpá àtijọ́ lábẹ́ ọmú ni òun á tún gbà wọlé, ṣùgbọ́n torí pé òun á gbé orí ọmú sókè, ìlà tuntun á yí orí ọmú ká, á sì ti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ó ní kí n mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tó san tán, ó ní kí n máa lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú àpá náà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta kó má bàa wú. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní sílíkónì.

Ó tún sọ ọ̀kan tí mi ò fẹ́ gbọ́: ẹni tó ń pààrọ̀ àpò súnmọ́ àtipadà sórí tábìlì ju ẹni tó ń ṣe ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fọwọ́ sí i. Oṣù Kejì 2023 ni.

Rọ́bà méjì ló ń fa omi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo, bẹ́ẹ̀ gbígbé èèyàn ni iṣẹ́ mi. Mo fi ìsinmi ọdún mi dí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́ta yòókù mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ owó iṣẹ́ abẹ, ẹ má ṣe ṣírò ti dókítà nìkan. Mi ò lè gbé apá sókè. Ọmọ tí mo fún lọ́mú ló ń bá mi wẹ̀ ara.

Awọ tí wọ́n gé, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, kò sí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀. Àpò ọ̀tún jáde lódidi, ó ti pọ́n díẹ̀ bí omi tíì. Dókítà fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí. Awọ rẹ̀ ń dán. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti tẹ orúkọ mọ́ ọn, ilé iṣẹ́ kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni. Kì í ṣe PIP. Kì í ṣe Biocell. Gbogbo ọdún tí mo fi ń tẹ ara mi nínú balùwẹ̀, mo ti di ìdáhùn náà lọ́wọ́ rí, mo sì ya á. Káàdì ò ní sọ fún mi pé ti òsì ti bẹ́ o, skáànù nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Wọ́n fún mi ní káàdì tuntun, sítíkà méjì lára rẹ̀. Láti 2016 ìwé àkọsílẹ̀ àpò ọmú ti wà ní England, dókítà mi sì ní kí n fọwọ́ sí i kí tèmi lè wọ ibẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mo ya fọ́tò káàdì náà, mo fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi àti ọmọ mi obìnrin.

Ohun tí mo kọ sí arábìnrin yẹn nìyẹn, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Mo ní kó wá káàdì tirẹ̀. Bí kò bá rí i, kó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tó ti ṣe é, kó ní kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà ránṣẹ́ sí òun ní kíkọ, kò gbọdọ̀ gbà á lẹ́nu lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti kógbá sílé, kó má dúró dè wọ́n, kó lọ bá GP rẹ̀ fún skáànù. Ó gbà mí láàyè láti sọ fún yín pé òun fèsì lánàá. Ó ti rí káàdì náà. Inú Bíbélì ló tọ́jú ẹ̀ sí, nínú ìwé Náhúmù, torí ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣí ibẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni skáànù rẹ̀.